Ẹ́ńjìnì Bàálù Kékeré Tó Ti Gan: Bí Ẹ Ṣe Máa Tú U, Fọ̀ Ọ́, Kí Ẹ Sì Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni kan gbé bàálù oní-rímóòtù rẹ̀ pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó padà dé ìdí rẹ̀, ó fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú, abẹ̀bẹ̀ kọ̀, kò yí. Ló bá mú páláyà. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì tí kò ní àrùn mìíràn ju òróró tó gbẹ mọ́ ọn nínú fi di ẹ́ńjìnì tí kọ́ńrọ́ọ̀dù rẹ̀, irin tó so písítìnì mọ́ kíráǹkì tó ń yí abẹ̀bẹ̀, ti wọ́. Ẹlòmíràn ò lo ipá ní tiẹ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó tò ó padà, àmọ́ ẹ́ńjìnì ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé ohun tó yẹ kó kọjú síwájú ti kọjú sẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnì tí mo ń sọ níbí ni sítírókù méjì tó ń mu methanol, tó ń lo púlọ́ọ̀gì glow, èyí tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n yòò. Bí tiyín bá jẹ́ sítírókù mẹ́rin, ẹ lè lo ohun tí mo sọ nípa fífọ ìta àti ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i láìsí ìwé tó bá a wá lọ́wọ́, torí pé ó ní fáàfù tó gbọ́dọ̀ máa ṣí, kó sì máa pa dé, ní àsìkò tó péye.

Ohun kan ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ooru ló ń tú ẹ́ńjìnì yìí, ipá kọ́.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

- Áléǹ-kíì 2 mm, 2.5 mm àti 3 mm tí ẹnu wọn ṣì mú. Èyí tí igun rẹ̀ ti jẹ máa ba orí ìdè jẹ́ ni, ìdè tí orí rẹ̀ bá sì ti bàjẹ́ lè gba gbogbo ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín.
- Sípánà púlọ́ọ̀gì àti sípánà nọ́ọ̀tì abẹ̀bẹ̀.
- Methanol tàbí isopropyl alcohol, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, aṣọ funfun tí kì í hú.
- Kúláǹtì mọ́tò tí wọ́n fi ethylene glycol ṣe, àti ìkòkò iná mànàmáná tó ń se nǹkan jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ tí kúláǹtì bá ti wọ inú ìkòkò yẹn, oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.
- Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná.
- Ọ́ìlì ìtọ́jú tí wọ́n ń tà fún ẹ́ńjìnì glow. Bí kò bá sí, ọ́ìlì irinṣẹ́ tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́ tàbí ọ́ìlì gíà ọ́tọ́mátíìkì dára.
- Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó le, pákó kan, sírínjì, rọ́bà epo kékeré, abọ́ tí ẹ máa kó ìdè sí.
- Gáskẹ́ẹ̀tì àti òrùka rọ́bà tuntun, tó bá ṣeé ṣe, àti púlọ́ọ̀gì tuntun kan.
- Ìbọ̀wọ́, gíláàsì ìdáàbòbò ojú, àti fóònù tí ẹ máa fi ya àwòrán.

Ohun tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ́ńjìnì ni páláyà, síńpépà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, àti ohun ìfọ-ófìnì tó ní kọ́sítíìkì sódà. Kọ́sítíìkì sódà máa ń jẹ aluminiọ́mù gan-an ni. Ìdọ̀tí á kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ẹ́ńjìnì á bá a lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí methanol. Iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn sójú lọ́sàn-án gangan, nítorí náà ènìyàn lè máa jó kó má mọ̀. Ó ń gba ara wọlé, bí ẹnikẹ́ni bá sì mu ún, ó lè fọ́ ọ lójú tàbí kó pa á. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́, kí iná àti sìgá jìnnà.

1. Ẹ FỌ ÌTA KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN ÌDÈ KANKAN

Ẹ yọ ẹ́ńjìnì kúrò lára bàálù. Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀, ẹ yọ sáílẹ́ńsà. Ẹ fi aṣọ dí ẹnu kàbúrétọ̀ àti ihò èéfín, ẹ jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì ṣì wà níbi tó wà. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti methanol fọ gbogbo ara rẹ̀, pàápàá àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń tú ooru jáde lórí rẹ̀, àti abẹ́ ibi tí kàbúrétọ̀ jókòó sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é ṣìṣe nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ tú ìdè, iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ìta á já sínú. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo láàárín písítìnì àti sílíìfù (ọ̀pá oníhò tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀) tó láti fa ìlà sí i lára, ìlà yẹn ò sì ṣeé tún ṣe.

Àyẹ̀wò: ẹ fi aṣọ funfun nu ìsàlẹ̀ kàbúrétọ̀ àti eteetí ìdérí ẹ̀yìn. Bí aṣọ bá yọ òróró nìkan, tí kò yọ yẹpẹ, ó ti tó. Àwọ̀ pupa dúdú tó yan mọ́ ọn ò ní lọ pẹ̀lú methanol, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

2. Ẹ FI OORU TÚ U

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó mú un gan. Inú epo ẹ́ńjìnì yìí ni ọ́ìlì rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ òróró castor ló wà nínú rẹ̀, methanol á fẹ́ lọ, òróró á ṣẹ́kù, á máa nípọn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mú gbogbo ohun tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì pọ̀ bí oje igi. Kò tíì bàjẹ́, ó kàn lẹ̀ ni.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ kán ọ́ìlì ìtọ́jú bíi ẹ̀kán mẹ́fà sí ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣí kàbúrétọ̀ sílẹ̀ pátápátá kí ẹ kán bẹ́ẹ̀ sí ẹnu òun náà. Ẹ rí i dájú pé methanol tí ẹ fi fọ ìta ti gbẹ tán, kò sì sí ìgò rẹ̀ nítòsí, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná. Ẹ máa fẹ́ ooru yí ara ẹ́ńjìnì ká, ẹ má dúró sójú kan, ẹ má sì dojú rẹ̀ kọ kàbúrétọ̀ tó bá ní rọ́bà tàbí páláásítíìkì lára. Ìgbà tí ẹ̀kán omi kan bá hó ṣùùù lórí irin náà, ó ti gbóná tó.

Ẹ da abẹ̀bẹ̀ padà sórí rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ sì mì í díẹ̀ lọ, díẹ̀ bọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti yí i po lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá mì díẹ̀, ẹ tún kán ọ́ìlì, ẹ tún fi ooru sí i. Ó lè gba ìdajì wákàtí. Ẹni tí kò ní sùúrù fún ìdajì wákàtí ni mo ní kó fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ dọ̀la, kò níbi tó ń lọ.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbí. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ti síkúrúdíráfà bọ ihò èéfín láti fi dá písítìnì dúró. Etí ihò yẹn mú, ara písítìnì rọ̀. Èkejì, ẹ má ro ẹ́ńjìnì ABC sí èyí tó gan. ABC ni èyí tí písítìnì rẹ̀ jẹ́ aluminiọ́mù, tí sílíìfù rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí wọ́n sì fi krómù bo inú rẹ̀. Òkè sílíìfù yẹn fún díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, torí pé òkè ló máa gbóná jù, tí yóò sì fẹ̀ jù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bó bá tutù, písítìnì á há díẹ̀ tó bá dókè pátápátá, ẹ lè gbọ́ ìró rẹ̀ pàápàá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ̀rí pé ẹ́ńjìnì ṣì lágbára ni.

Àyẹ̀wò: nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, láìsí púlọ́ọ̀gì, ẹ yí i po jẹ́jẹ́. Ó yẹ kó máa yọ̀ lọ láìsí ibi tó ti ń rin bí ẹni ń tẹ yanrìn mọ́lẹ̀.

3. ṢÉ Ó YẸ KÍ Ẹ TÚ U PALẸ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ písítìnì kúrò nínú sílíìfù tí wọ́n ti jọ mọ ara wọn ni ẹ ń ná díẹ̀ lára ẹ̀mí ẹ́ńjìnì. Àwọn tó ń tú tiwọn palẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ fífò ò ṣe é lóore kankan.

Ẹ tú u bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: bẹ́ríǹgì ń rin tàbí ń pariwo, ọ́ìlì tó ń jáde níwájú ní àwọ̀ ìpẹtà, ẹ́ńjìnì já lulẹ̀, iyanrìn wọ inú rẹ̀, tàbí èédú òróró ti pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ fò lọ sí ìpele 8.

4. TÍTÚ U PALẸ̀

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun. Ẹ ya àwòrán kí ẹ tó yọ ohunkóhun, kí ẹ sì tún yà á lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́.

Kàbúrétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Kí ẹ tó tú abẹ́rẹ́ epo rẹ̀, èyí tí a fi ń díwọ̀n epo tó ń wọlé, ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí tó fi kan ìdí, kí ẹ máa ka iye ìyípo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fún un mọ́ ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìdérí ẹ̀yìn, kí ẹ sì tú àwọn ìdè orí ẹ́ńjìnì. Ẹ má tú ìdè kan tán kí ẹ tó bọ́ sórí èkejì: ẹ dẹ ọ̀kan díẹ̀, ẹ lọ sórí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ máa bá a yí ká bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdè tó bá kọ̀, ẹ fi ooru sí wọn.

Sílíìfù ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ fi ooru sí ara ẹ́ńjìnì. Aluminiọ́mù máa ń fẹ̀ ju idẹ tàbí irin lọ, nítorí náà á dẹ sílíìfù. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tì í sókè láti ìsàlẹ̀. Bó bá ti jáde, ẹ gbé písítìnì sókè, ẹ fa kọ́ńrọ́ọ̀dù sẹ́yìn kúrò lórí òpó kíráǹkì, kí ẹ sì mú àwọn méjèèjì gba òkè jáde.

Kí wọ́n tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi bírò olómi fa àmì sí iwájú orí ẹ́ńjìnì, iwájú kọ́ńrọ́ọ̀dù, iwájú písítìnì àti iwájú sílíìfù. Methanol lè pa àmì yìí rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ya àwòrán.

Kíráǹkì ló kù. Ẹ yọ àwo tí abẹ̀bẹ̀ ń gbára lé. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé àwọn kan ní irin kékeré bí ìdajì òṣùpá tó há sí ẹ̀gbẹ́ kíráǹkì, ó sì rọrùn láti sọnù. Ẹ da nọ́ọ̀tì abẹ̀bẹ̀ padà sẹ́nu kíráǹkì kí ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́ má baà bàjẹ́, kí ẹ fi pákó gbá a fẹ́ẹ́rẹ́, á sì gba ẹ̀yìn jáde.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ohun tó wà lórí aṣọ, kí ẹ fi wé àwòrán yín. Bí òrùka rọ́bà kan bá sọnù báyìí, ẹ wá a báyìí.

5. ÈÉDÚ ÒRÓRÓ

Òróró castor tó ti yan mọ́ irin kì í gbọ́ ti methanol. Kúláǹtì gbígbóná ló mọ ojú rẹ̀.

Ẹ yọ gbogbo rọ́bà, gáskẹ́ẹ̀tì àti páláásítíìkì. Irin nìkan ló máa wọ ìkòkò. Kàbúrétọ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ bí ẹ kò bá tíì tú gbogbo rọ́bà ara rẹ̀. Ẹ da kúláǹtì lé e kó bò ó, ẹ dé e, ẹ fi iná sí ìwọ̀n tó kéré jù, kó máa gbóná láìhó. Wákàtí mélòó kan lè tó. Èyí tó bá ti pẹ́ gan-an lè sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìta ni kí ó wà. Adùn wà lẹ́nu ethylene glycol, oró sì ni, ó ń pa ọmọdé, ó ń pa ajá. Ẹ má fi ìkòkò náà sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ níbi tí wọ́n lè dé. Ara ẹ́ńjìnì tí wọ́n kùn láwọ̀ lè ṣí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá yọ wọ́n, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, ẹ fi omi gbígbóná ṣan wọ́n, ẹ fẹ́ ooru sí wọn títí omi fi tán, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa ohun tó jẹ́ irin lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní kí ẹ lọ jẹun ná. Kíráǹkì tó mọ́, tí kò ní ọ́ìlì lára, lè bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà kí ẹ tó padà dé.

Ní ti kàbúrétọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú methanol, ẹ fi sírínjì àti rọ́bà epo fẹ́ atẹ́gùn gba ihò rẹ̀ kọjá. Ẹ má fi wáyà gún un. Ihò yẹn ló ń díwọ̀n epo, bó bá fẹ̀ díẹ̀ báyìí, abẹ́rẹ́ ò ní í ṣeé tò mọ́. Ẹ má gbàgbé ẹnu kékeré ara sáílẹ́ńsà tó ń ti èéfín lọ sí táǹkì. Ó máa ń dí, àwọn ènìyàn á sì máa dá kàbúrétọ̀ lẹ́bi.

Àyẹ̀wò: ẹ ki etí aṣọ funfun bọ inú ara ẹ́ńjìnì. Ó yẹ kó jáde bó ṣe wọlé.

6. BẸ́RÍǸGÌ

Tí ọ́ìlì kò bá sí lára bẹ́ríǹgì, ẹ fi ìka yí i jẹ́jẹ́. Ẹ má fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ kó máa sáré, ìyẹn ń bà á jẹ́. Bó bá ń rin, kò sí fífọ̀ tó máa wò ó sàn. Methanol ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nitromethane tó máa ń wà nínú epo náà sì ń fi ásíìdì sílẹ̀ bó bá jóná. Àwọn méjèèjì ló ń pa bẹ́ríǹgì, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, 608 ni bẹ́ríǹgì tí ihò rẹ̀ jẹ́ 8 mm, tó fẹ̀ tó 22 mm, tó sì nípọn tó 7 mm. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi bẹ́ríǹgì tuntun sínú fìrísà, nínú ọ̀rá tó dé pa. Ẹ gbé ara ẹ́ńjìnì lásán, láìsí rọ́bà, tí kò sì ní methanol lára, sínú ófìnì tó gbóná tó 150°C fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá gbá a mọ́ pákó, bẹ́ríǹgì ẹ̀yìn á já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi igi ti bẹ́ríǹgì iwájú jáde láti inú. Nígbà tí ara ẹ́ńjìnì bá ṣì gbóná, ẹ sọ bẹ́ríǹgì tuntun tó ti tutù sí àyè rẹ̀. Bó bá fẹ́ ká tì í, òrùka ìta rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tì. Ẹni tó bá ti òrùka inú ti ba bẹ́ríǹgì tuntun jẹ́ kó tó lò ó. Ojú tó ní ìdérí lára ti iwájú máa ń kọjú síta.

Àyẹ̀wò: nígbà tó bá tutù, ẹ ti kíráǹkì bọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ̀ọ̀ láìfì sọ́tùn-ún sósì.

7. TÍTÒ Ó PADÀ

Ẹ fi ọ́ìlì pa ohun gbogbo. Bí ẹ ṣe tú u ni kí ẹ tò ó, láti ẹ̀yìn wá síwájú: kíráǹkì, písítìnì pẹ̀lú kọ́ńrọ́ọ̀dù, sílíìfù, ìdérí ẹ̀yìn, orí. Ọ̀pọ̀ sílíìfù ní àlàfo kékeré létí, tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí èèkàn kan lára ẹ́ńjìnì. Bí kò bá bọ́ sí i, àwọn ihò epo àti ti èéfín ò ní í ṣe rẹ́gí. Ẹ fún àwọn ìdè orí ní ìfojúkojú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe dẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi sí i, ẹ yí kíráǹkì po. Ibi tó bá ti le, ohun tí ẹ fi sí i kẹ́yìn ló fà á.

Àyẹ̀wò: ẹ fi púlọ́ọ̀gì sí i, ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí ìdérí ẹ̀yìn àti orí ti pàdé ara ẹ́ńjìnì, ẹ yí abẹ̀bẹ̀ po. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnì ti abẹ̀bẹ̀ padà bí ẹni tó kọ̀ jálẹ̀. Bí omi ọṣẹ bá hó, atẹ́gùn ń jáde níbẹ̀. Ẹ nu ọṣẹ náà kúrò.

8. TÍTAN ÁN

Ẹ so ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá tú u palẹ̀, ẹ da abẹ́rẹ́ padà sí iye ìyípo tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ fi ìdajì ìyípo kún un, kí epo pọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ dúró sí tí ẹ bá ń yí abẹ́rẹ́. Ẹ má na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ láé.

Nígbà tó bá ti gbóná, ẹ ṣí kàbúrétọ̀ tán, kí ẹ sì fún rọ́bà epo pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré.

Àyẹ̀wò: bí ìró rẹ̀ bá ga sókè díẹ̀ kó tó wálẹ̀, epo rẹ̀ pọ̀ tó. Bó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà láìgasókè, epo kò tó, ẹ dẹ abẹ́rẹ́. Èéfín funfun díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e. Bí ẹ́ńjìnì bá ń kú ní kété tí ẹ bá yọ bátìrì púlọ́ọ̀gì, ẹ wo wáyà inú púlọ́ọ̀gì: bó bá ti ṣú tàbí tó ti wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

9. LẸ́YÌN FÍFÒ ÌKẸYÌN LỌ́JỌ́ KỌ̀Ọ̀KAN

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì pẹ́ ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ yan ìpele kan ṣoṣo, ẹ yan èyí.

Ẹ fún rọ́bà epo pọ̀ kí ẹ́ńjìnì lè jó epo inú rẹ̀ tán kó tó kú. Ẹ so bátìrì mọ́ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tún gbìyànjú láti tan án títí kò fi ní gbọ́ mọ́. Ẹ fa gbogbo epo inú táǹkì jáde. Ẹ kán ọ́ìlì ìtọ́jú sí ẹnu kàbúrétọ̀ tó ṣí sílẹ̀, ẹ̀kán mẹ́fà sí mẹ́wàá, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ kán díẹ̀ sí ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi sítátà yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ má lo WD-40, ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n ń fọ́n, dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ ni, ohun tó ń ṣẹ́kù kò tó dáàbò bo bẹ́ríǹgì fún oṣù púpọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe wà pẹ́ lára rọ́bà sílíkóònù, ó máa ń wú u.

Ẹ da púlọ́ọ̀gì padà, ẹ yí abẹ̀bẹ̀ títí písítìnì fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má baà há sí òkè sílíìfù tó fún. Ẹ pa kàbúrétọ̀ dé, ẹ fi aṣọ dí ihò èéfín.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fò, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ sì fi sítátà yí i kí ọ́ìlì tó ṣẹ́kù tú jáde. Olómi kì í ṣeé fún pọ̀. Bí ó bá kún orí písítìnì tí sítátà sì gbá a, nǹkan kan á ṣẹ́.

Ní ti epo, ẹ dé ìgò rẹ̀ pa ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì gbé e síbi tó tutù, tó ṣókùnkùn. Èyí tó bá ti wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ púpọ̀ ti mu omi afẹ́fẹ́. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ tuntun.